Irú fly wo ni kí n fi mú tigerfish nísàlẹ̀ dáàmù Kainji?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìwọ̀, ẹ gbà mí. Abuja ni mò ń gbé, àmọ́ Odò Ọya, nísàlẹ̀ dáàmù Kainji, ni mo ti ń wá tigerfish, ẹja eléyín mímú.

Fly (ìjẹ àtọwọ́dá) funfun tí mo fi irun ewúrẹ́ dì sórí ìwọ̀ nọ́ńbà 2 ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹja gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó já okùn lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ibi tó ti já dà bíi pé abẹ ni wọ́n fi gé e. Mo wá so wáyà tín-ín-rín mọ́ iwájú ìwọ̀. Kò já mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ò wọlé. Egungun ni gbogbo ẹnu ẹja yìí! Mo fi fáìlì pọ́n ìwọ̀ títí tó fi ń kọ́ èékánná mi, síbẹ̀ ó ń yọ̀. Mo tún gbìyànjú fly dúdú, pàbó ni.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó máa ń fò sókè nígbà tí tigerfish bá ń lé wọn, kò ju ìka ọmọńdinrín mi lọ. Fly mi gùn tó méjì wọn.

Àwọn kan ní kí n fi ẹja gidi ṣe ìjẹ. Mi ò fẹ́, torí mo máa ń dá tigerfish tí mo bá mú padà sómi, ẹja sì tètè máa ń gbé irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ mì dé ọ̀fun.

Ṣé kí n dín gígùn fly kù ni, àbí ìwọ̀ ni kí n pààrọ̀? Nọ́ńbà wo, àwọ̀ wo?