Àpótí ìrìnàjò sí Yúróòpù: ìwọ̀n wo ló yẹ kí a rà?

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Yúróòpù ní oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kútọ̀nu la ó ti wọ bàálù lọ sí Paris, a ó sì lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Brussels. Láti ibẹ̀ a ó wọ bàálù olówó pọ́ọ́kú lọ sí Róòmù, a ó sì padà sí Paris kí a tó máa bọ̀ nílé. Tíkẹ́ẹ̀tì wa láti Kútọ̀nu gba àpótí kílò 23 kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èyí tí à ń gbé lọ́wọ́ wọlé. Lọ́jà, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ta àpótí onítáyà, wọ́n ń kì í bọ inú ara wọn: ínṣì 20, 24 àti 28. Ṣé kí a kúkú ra 28 méjì? A fẹ́ kó gàrí àti ẹja gbígbẹ dání. A ò fẹ́ dúró níwájú òṣùwọ̀n kí a máa tú ẹrù sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Adìrù (Kétu):

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra 28. Àyè tó wà nínú rẹ̀ ló ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àyè ló ń kọ́kọ́ tán, kílò ni. Ínṣì 28 ń gba nǹkan bíi lítà 90 sí 110, òun fúnra rẹ̀ lófìfo sì ń wúwo tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 23, ó ku 18 tàbí 19. Lítà gàrí kan ju ìdajì kílò lọ. Bí ẹ bá da gàrí sí ìdá mẹ́ta àpótí náà péré, kílò yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ wá ní ìdá méjì tó ṣófo, ojú yín ò sì ní gbà á. Ẹ ó máa rọ aṣọ sí i títí tí yóò fi di 29 tàbí 30. Bó bá kọjá 32, kódà bí ẹ bá fẹ́ sanwó, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù kò ní gbà á, nítorí ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e.

Ínṣì 24 ni kí ẹ rà. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65 sí 68, ó ń gba lítà 60 sí 70, kílò mẹ́ta sí mẹ́rin ló sì jẹ́ lófìfo. Bí ẹ bá fi aṣọ àti bàtà nìkan kún un, ó sábà máa ń jẹ́ 15 sí 18. Oúnjẹ díẹ̀ ni yóò gbé e dé 22, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró, nítorí òṣùwọ̀n ilé àti ti pápákọ̀ kì í sábà bára mu.

Ìwọ̀n ara àpótí ló kàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù fi sẹ̀ǹtímítà 158 ṣe ààlà àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù: ẹ wọn gíga, ìbú àti nínípọn rẹ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. 77 × 51 × 30 jẹ́ 158 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ 28 ló ní síìpù kejì tó ń jẹ́ kí ikùn rẹ̀ fẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ṣí síìpù yẹn, ó ti di 162 tàbí 163. Ínṣì tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jà, ti ara àpótí nìkan ló sábà máa ń jẹ́, wọn kì í ka táyà mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ bàálù ń kà á. Ẹ mú téèpù aránṣọ dání lọ sí ọjà, ẹ gbé àpótí dúró, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orí ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e.

Àpótí tí à ń gbé wọlé ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Air France gba 55 × 35 × 25. Brussels Airlines àti Turkish Airlines gba 55 × 40 × 23. Ẹ wò ó: ọ̀kan fún ìbú láyè, èkejì fún nínípọn. Àpótí 55 × 40 × 23 tó ṣe rẹ́gí níhìn-ín á fi márùn-ún kọjá ààlà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀kan tí yóò bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, tí ẹ kò ní máa ra òmíràn ní gbogbo ìrìnàjò, 55 × 35 × 23 ni kí ẹ wá, pẹ̀lú táyà rẹ̀. Kílò wọn náà yàtọ̀. Ní ìjókòó tí owó rẹ̀ kéré jù, Air France fún yín ní 12, ṣùgbọ́n àpótí àti báàgì kékeré yín ló jọ wà nínú rẹ̀. Àwọn méjì tó kù fún àpótí náà ní 8.

Wàyí o, Brussels sí Róòmù ni ojú abẹ́rẹ́ tí gbogbo ẹrù yín máa gbà kọjá. Nínú àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú, ohun tí Ryanair àti Wizz Air gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ju 40 × 30 × 20 lọ, ti easyJet jẹ́ 45 × 36 × 20. Báàgì ẹ̀yìn ni, kì í ṣe àpótí onítáyà. Ẹ ra àyè àpótí kan ní ọjọ́ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, torí ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá di ẹnu ọ̀nà bàálù. Kí ẹ sì ka iye kílò tí ẹ rà dáadáa, ó lè jẹ́ 20.

Níwọ̀n bí ẹ ti ń padà sí Paris, ohun tí mo máa ṣe rèé: 24 méjì láti Kútọ̀nu, oúnjẹ nínú méjèèjì. Ẹ kó oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹbí, ẹ fi àpótí kan tì wọ́n níbẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì kó aṣọ sínú ẹyọ kan lọ sí Brussels àti Róòmù, pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan tó bá ìwọ̀n bàálù yẹn mu.

Oníṣíìpù (Ṣábẹ):

Adìrù ti sọ ti ìwọ̀n tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara àpótí, torí kí ó tó dé Yúróòpù, ó máa kọ́kọ́ gun orí taksí. Láti Ṣábẹ dé Kútọ̀nu ju igba kìlómítà lọ, okùn ló máa wà lára rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Àpótí líle oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà, ABS àti polycarbonate, ike ni méjèèjì. ABS ló ń fọ́ ní igun bí okùn bá fún un tàbí bí wọ́n bá gbé àpò àgbàdo lé e. Polycarbonate máa ń tẹ̀ wọlé, á sì padà bọ̀ sípò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ìdérí rẹ̀ kíkankíkan. Bó bá rọ̀ wọlé tó sì padà láìsí ìlà funfun, ẹ lè bá ọlọ́jà dúnàádúrà. Bó bá le gbagidi, tàbí tí ìlà funfun yọ, ẹ gbé e sílẹ̀. Àpótí aláṣọ kì í fọ́, ó sì sábà fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n eruku pupa àti òjò ń wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ra aláṣọ, ẹ fi ọ̀rá ńlá wé e kí wọ́n tó gbé e gun orí ọkọ̀.

Táyà ló ń bà jẹ́ jù. Àwọn onítáyà mẹ́rin tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún dára lórí ilẹ̀ dídán bíi ti pápákọ̀. Ní Róòmù, òkúta kéékèèké ni wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ òpópónà àárín ìlú, wọ́n ń pè é ní sampietrini. Àlàfo àárín òkúta wọ̀nyẹn máa ń há táyà kékeré, irin tó dì í mú á wá wọ́. Onítáyà méjì, tí táyà náà tóbi tó sì jókòó sínú ara àpótí, ló ń fara dà á. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: táyà mẹ́rin yọ síta ní ìsàlẹ̀, ó sì ń jẹ nínú 55 yẹn, nígbà tí onítáyà méjì fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹrù. Ẹ ṣí aṣọ inú àpótí wò kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ìdè tó ṣeé tú ni wọ́n fi de táyà, èyíkéyìí nínú wa lè pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lù pa, tí kò ṣeé tú, ọjọ́ tí táyà bá kú ni àpótí kú.

Ẹ wo ẹ̀yìn orí síìpù, wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà síbẹ̀. 8 tàbí 10 ló bá àpótí 24 mu. 5 jẹ́ ti báàgì iléèwé, kò lè pa ẹnu kílò 22 mọ́. Ẹ fa ọwọ́ ìfà jáde tán, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo wọn ló ń mì díẹ̀. Èyí tó bá ń há nígbà tí ẹ bá ń tì í padà ni ẹ kò gbọ́dọ̀ rà.

Ọmọ Wàǹdó (Àjàṣẹ́):

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. A ti fi 28 sílẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi ní kí n béèrè: ẹran gbígbẹ àti wàgàsì ńkọ́? Aṣọ mélòó ló sì tó fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú òtútù?

Màmá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́):

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ẹran àti wàgàsì sílẹ̀ nílé. Òfin àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà kí arìnrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ wa kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé, ì báà jẹ́ yíyan, ì báà jẹ́ gbígbẹ. Wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Ẹja ni wọ́n gbà, tó kílò 20 fún ẹnì kan, gbígbẹ tàbí yíyan. Nínú èso tútù, ọ̀pẹ òyìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò béèrè ìwé. Máńgòrò, ọsàn, ata tútù àti iṣu nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Bí ẹ kò bá ní ìwé yẹn, ẹ má dán an wò.

Ẹ tún ẹja yan lọ́jọ́ méjì sí ìrìnàjò kí ó gbẹ dénú. Egungun rẹ̀ máa ń lu ọ̀rá, nítorí náà ẹ fi bébà dì í ná, kí ẹ tó fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ sì kó o sínú ike tó ní ìdérí. Bí òórùn ẹja bá wọ aṣọ òtútù, kì í tètè jáde. Gàrí náà, ọ̀rá méjì, kí ẹ sì tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Apá ibi tí táyà wà ni kí ẹ kó o sí, kí àpótí má máa dojú dé nígbà tí ẹ bá ń fà á. Bí ẹ bá mú epo pupa, ẹ má kún ìgò dé ẹnu, ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀. Inú àpótí ńlá nìkan ni kó wà, láàárín aṣọ. Ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í bá yín wọ inú bàálù.

Ti aṣọ: Paris àti Brussels tutù gan-an ní oṣù yẹn, Róòmù rọra móoru jù wọ́n lọ. Kóòtù nípọn kan, súwẹ́tà méjì, àwọ̀tẹ́lẹ̀ olówùú gígùn méjì, ṣòkòtò mẹ́ta, ẹ̀wù márùn-ún, pátá àti ìbọ̀sẹ̀ méje-méje, bàtà bíbò kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Ẹ ó fọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Kóòtù kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí, ó máa jẹ ààyè tó yẹ kí súwẹ́tà méjèèjì wà. Ẹ gbé e lé apá láti Kútọ̀nu, bó ti wù kí oòrùn mú tó, kí ẹ sì wọ bàtà wíwúwo náà sẹ́sẹ̀. Bí ọkọ bá fẹ́ mú agbádá, ọ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ sì kó aṣọ ọjọ́ méjì ti ọkọ sínú àpótí ìyàwó, ti ìyàwó sínú ti ọkọ, bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà.

Adìrù (Kétu):

Màmá, ẹ ṣeun. Ó ku díẹ̀ tí mo fò.

Ọkọ̀ ojú irin Eurostar láti Paris sí Brussels gba àpótí méjì fún ẹnì kan, bí gígùn wọn kò bá ju 85 lọ, nítorí náà 24 kò ní wàhálà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó gbé e gun ọkọ̀ o. Métro Paris ló le: yàtọ̀ sí ìlà 14, àtẹ̀gùn ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kò pọ̀. Ẹ di àpótí náà tán nílé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín gbé tirẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, gàrí ni kí ẹ dín kù.

Ẹ gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, kí ẹ tún gùn ún láìsí i, kí ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Bí kò bá sí nílé, àwọn oníràìsì ọjà Wàǹdó ní òṣùwọ̀n.

Páwà báńkì kì í lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù rárá, ọwọ́ ni. Ẹ fi 3.7 sọ iye mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi 1000 pín in: 20,000 á fún yín ní Wh 74, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ilé-iṣẹ́ bàálù ń kà, ààlà sì ni 100. Àpótí tí wọ́n kan bátìrì mọ́ tí kò ṣeé yọ, ẹ má rà á.

Ẹ ya fọ́tò àpótí lódidi àti ohun inú rẹ̀ kí ẹ tó tì í pa, kí ẹ sì fi bébà tó ní nọ́ńbà fóònù yín àti àdírẹ́sì ẹbí Paris sínú rẹ̀. Bó bá fọ́ tàbí tí kò bá dé, ẹ má jáde kúrò ní pápákọ̀ kí ẹ tó gba ìwé PIR lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ẹrù náà sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, fún àpótí tó bà jẹ́, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ bàálù. Fún èyí tó pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Páálí kékeré tí wọ́n bá fún yín ní Kútọ̀nu, èyí tó ní nọ́ńbà àpótí, ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.