Fídíò eré ìdárayá wo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ìjókòó ni iṣẹ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́, iyán ni oúnjẹ alẹ́ mi (ta ni yóò fi iyán sílẹ̀ ní Èkìtì?). Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè díẹ̀, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Ó ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà.

Mo gbìyànjú ìrìn òwúrọ̀, àmọ́ òkè pọ̀ ládùúgbò wa, orúnkún mi ò gbà á. Owó jíìmù kọjá agbára mi. Ni mo bá yà sórí YouTube, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Àwọn tó ní tolùbẹ̀rẹ̀ ni tàwọn, kò pẹ́ tí wọ́n á fi máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo sì wà, bàbá onílé ló wà nísàlẹ̀. Mo tún rí àwọn tí kì í fò rárá: wọ́n ń rìn lójú kan, wọ́n ń jókòó sórí àga, wọ́n ń dìde. Ìyẹn rọ̀ mí lọ́rùn, ṣùgbọ́n n kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn.

Ìbéèrè mi rèé: kí ni kí n máa wò lára fídíò kí n tó mọ̀ pé kò ní pa orúnkún mi lára, síbẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá mi lóhùn.