Ìgbàṣẹ ni, kì í ṣe ìtají: èsì mi lórí sẹ́ẹ̀lì T

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o láti Gwagwalada níbí. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kaduna mú wá fún ìwé ìlera tí a jọ ń kọ: kí á pe sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbèjà ara, ní "sójà ara", kí á pe bó ṣe ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní "ìtají", kí ọ̀nà tí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i ń gbà nínú rẹ̀ sì máa jẹ́ "ọ̀nà àmì".

Mo fọwọ́ sí "sójà ara". Àwọn tó ń gba aláìsàn HIV nímọ̀ràn ti ń lò ó tipẹ́ láti fi ṣàlàyé CD4, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì T tí HIV máa ń kọ lù. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé sì ń pe agbára ìdènà àrùn ní garkuwar jiki, ìyẹn asà ara. Asà àti sójà, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

"Ìtají" ni mi ò fara mọ́ rárá. Ẹni tó sùn ló ń ta jí. Sẹ́ẹ̀lì T kò sùn. Láti ìgbà tó bá ti dàgbà tán nínú thymus, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, ló ti ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn kókó ọrùn àti abíyá tó máa ń wú bí ara ò bá yá, tó ń wá ọ̀tá tirẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé "ìtají" fi àṣẹ kejì pa mọ́. Àṣẹ méjì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkọ́kọ́, TCR, ohun tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń dá ọ̀tá mọ̀, yóò di èérún purotéènì kòkòrò mú, èyí tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbé ka orí MHC, purotéènì tó dà bí àwo, fún un. Ìkejì, CD28, purotéènì mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì T, yóò kan purotéènì CD80 tàbí CD86 lára sẹ́ẹ̀lì tó gbé èérún náà wá. Bí ìkejì kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì náà á dá wà láàyè ni, ṣùgbọ́n kò ní lè jà mọ́, kódà bí ó bá tún pàdé ọ̀tá náà lẹ́yìn náà. Ó ti rí ọ̀tá, kò sì jà. Ṣé ìyẹn ta jí?

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí á lo "ìgbàṣẹ". Sójà kì í yìnbọn láìgbàṣẹ, torí ọmọ ilé lè wà níwájú rẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: CTLA-4, purotéènì mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì T, máa ń gba CD80 àti CD86 mọ́ CD28 lọ́wọ́, ó sì ń dì wọ́n mú pinpin jù ú lọ. A lè pe ìyẹn ní "ìwọ́gilé àṣẹ" láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ kiri. James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 lórí bí a ṣe lè dí irú ìwọ́gilé yìí lọ́wọ́ kí sẹ́ẹ̀lì T lè kọjú ìjà sí àrùn jẹjẹrẹ.

Ní ti "ọ̀nà àmì", ẹni tó bá ń wa mọ́tò láti Kubwa wọ àárín Abuja yóò rò pé pátákó ojú títì ni. Ẹnì kan níbí dábàá "àrokò". Ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an, àmọ́ àrokò kì í yí padà lójú ọ̀nà. Bí a ṣe dì í la ṣe ń tú u. Ti inú sẹ́ẹ̀lì yìí ń yí padà. Purotéènì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ tó ń bọ̀ yìí. Lck á lẹ fọ́sífétì, èròjà kékeré kan, mọ́ ìrù CD3 tó so mọ́ TCR. ZAP-70 á wá jókòó síbẹ̀, á lẹ tirẹ̀ mọ́ LAT. PLC-γ1 á wá gé ọ̀rá kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì sí méjì, DAG àti IP3: DAG á dúró sí ara awọ, á gba ibòmíràn rán iṣẹ́, IP3 á lọ ṣílẹ̀kùn ibi tí kálísíọ́ọ̀mù wà. Kálísíọ́ọ̀mù yìí ló ń mú kí calcineurin yọ fọ́sífétì kúrò lára NFAT, tí NFAT fi ń ráyè wọ ibi tí DNA wà, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe IL-2, purotéènì tó ń mú kí ó bí sí i, tó sì ń di púpọ̀. "Ìjíṣẹ́" ló bá èyí mu, kí odindi rẹ̀ sì jẹ́ "ipa ìjíṣẹ́".

Ẹ má sọ àrokò nù o. Ẹ fi sílẹ̀ fún fọ́sífétì fúnra rẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà nínú àrokò ní ohun tó ń sọ, ẹyọ mẹ́jọ ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ZAP-70 kì í dì mọ́ ìrù CD3 dáadáa àfi bí fọ́sífétì méjì bá wà níbẹ̀.

Mo ti kọ gbólóhùn kan wò fún ojú ìwé tó dá lórí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún: "Oògùn cyclosporine ń dí calcineurin lọ́wọ́, ipa ìjíṣẹ́ á já, sójà ara kò ní gbàṣẹ láti bá kíndìnrín tuntun jà." Ẹ fi "ìtají" àti "ọ̀nà àmì" sínú rẹ̀, kí ẹ kà á sókè.

Orúkọ onílẹ́tà bíi Lck àti LAT, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èyí tó kù ni sẹ́ẹ̀lì tí kò rí àṣẹ kejì gbà. "Ìrọ" ló wá sí mi lọ́kàn, torí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ni, kò kú. Ẹ̀yin ará Kabba àti Ìlọrin, kí lẹ rí sí i?