Ẹ má pè é ní ẹ̀rọ ayédèrú o

Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń wá orúkọ Yorùbá fún, mo rí "ẹ̀rọ ayédèrú" tẹ́ ẹ ní ká máa pe virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọfitiwia dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, mi ò fara mọ́ ọn o. Nǹkan tó fẹ́ tanni jẹ là ń pè ní ayédèrú. Iṣẹ́ gidi lèyí ń ṣe. Ẹ wo àwọn CERN, ilé ìwádìí físíìsì ilẹ̀ Yúróòpù, lọ́dún 2011 tí wọ́n gbé Test4Theory jáde, pé káwọn èèyàn fi kọ̀ǹpútà ilé bá wọn ṣírò báwọn èérún tín-tìn-tín (particle) ṣe ń forí gbárí. Orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni sọfitiwia àwọn onífísíìsì ti ń ṣiṣẹ́, Windows ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ta ló fẹ́ jókòó tún gbogbo kóòdù yẹn kọ? Wọ́n bá di Linux kékeré kan pọ̀, tí wọ́n pè ní CernVM, BOINC, sọfitiwia tó ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn, á gbé e wọlé, VirtualBox, sọfitiwia tó ń ṣí virtual machine, á ṣí i, ó dẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ó ní mẹ́mọ́rì tiẹ̀, ó ní dísíìkì tiẹ̀ tó jẹ́ pé fáìlì lásán ni lójú Windows, ó wà láyè ara ẹ̀, kì í tú fọ́tò yín wò.

"Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà" lèmi mú. Ẹnì kan ní ó gùn, pé "ẹ̀rọ òjìji" dáa jù. Òjìji kẹ̀? Òjìji ò jẹ mẹ́mọ́rì, ẹ gbé èyí sórí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ ò tó kẹ́ ẹ wá wò ó bó ṣe máa wọ́.

Ti volunteer computing, kéèyàn yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà ẹ̀ láti fi bá oníwádìí ṣiṣẹ́, ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀rọ̀ Àǹtí tó ní "àáró kọ̀ǹpútà" fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i, àmọ́ bá mi ṣe kí n bá ẹ ṣe ni àáró. SETI@home bẹ̀rẹ̀ ní 1999, wọ́n ń fi wá àmì àwọn ẹ̀dá tó bá wà lójú ọ̀run, títí wọ́n fi dáwọ́ iṣẹ́ pínpín dúró ní 2020, Yunifásítì Berkeley tó ni ín ò yá ẹnikẹ́ni ní kọ̀ǹpútà padà, kírẹ́díìtì, ìyẹn máàkì tí wọ́n ń fúnni, ojú lèèyàn fi ń wò ó. Ọ̀wẹ̀ lèyí. Oníṣẹ́ pè, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ jẹ́ ẹ. Lóòótọ́ ọlọ́wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá, níbí ẹni tó wá ló ń san owó iná ara ẹ̀, ìyẹn ò ba "ọ̀wẹ̀ kọ̀ǹpútà" jẹ́ lójú mi.

Ó ku work unit, ègé iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. "Ìpín iṣẹ́" tẹ́ ẹ dábàá dáa, àmọ́ ìpín kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé fún kọ̀ǹpútà méjì kí wọ́n lè fi èsì wọn wéra, ṣé ìpín la ṣì máa pe ìkejì àbí ẹ̀dà?