Kì í ṣe àrokò, kì í sì í ṣe lẹ́tà nìkan

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka àbá yín pé ká máa pe iṣẹ́ tí Unicode (ètò tó ń fún àmì ìkọ̀wé ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) ń ṣe ní "ìpàrokò", ká sì máa pe gbogbo ohun tó bá gba nọ́ńbà níbẹ̀ ní "lẹ́tà". Àbá àkọ́kọ́ dùn létí, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa ṣì wà lẹ́nu yín. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn, ti ìkejì ló tún le jù. Àbídí Mandaic, ti àwọn ẹlẹ́sìn Mandaean, tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ náà ni màá fi dá yín lóhùn.

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹni tó gbà á ló máa tú u: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ìtumọ̀ ló wà nínú àrokò, ojú àjèjì kò sì lè rí i. Unicode kò fi ìtumọ̀ kankan pa mọ́. Ó kàn ń sọ pé àmì yìí yàtọ̀ sí tọ̀hún ni, ó wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà mọ́, kí kọ̀ǹpútà tó wà ní Baghdad àti èyí tó wà ní Sydney lè gbà pé ohun kan náà làwọn ń kà. Ìdámọ̀ lèyí.

Gúúsù Ìráàkì àti Khuzestan ní Ìráànì ni ilẹ̀ àwọn Mandaean, létí odò, torí ìrìbọmi ni òpó ẹ̀sìn wọn. Láti 2003, ọ̀pọ̀ wọn ti sá lọ sí Swídìn àti Ọsirélíà, èyí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Abagada ni wọ́n ń pe àbídí wọn. Lẹ́tà 24 ni wọ́n ń kà: 22 wá látinú èdè Aramaic, lẹ́tà tó ń jẹ́ dushenna tẹ̀ lé e, wọ́n á wá padà sórí halqa, lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un kà kí iye náà lè pé.

Nígbà tí ẹ̀dà 6.0 ti Unicode gba àwọn lẹ́tà yìí wọlé ní 2010, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni halqa gbà, U+0840. Ipò méjì ló ní lẹ́nu àwọn tó ń kà á, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì jẹ́. Dushenna gba U+0856. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró wo èyí dáadáa: iṣẹ́ tí "tí" àti "ti" ń ṣe fún àwa ni dushenna nìkan ń ṣe fún wọn, odidi ọ̀rọ̀ nínú àmì kan. Bí wọ́n bá sì so ó mọ́ lẹ́tà ak, á di kad, tó túmọ̀ sí "nígbà tí" tàbí "bí". Kad kò sí lára 24 yẹn rárá, síbẹ̀ ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+0857. Lẹ́tà ain tí wọ́n yá lọ́wọ́ Lárúbáwá náà ní tirẹ̀.

Ẹ wá fi wé tiwa. Gb jẹ́ lẹ́tà gidi nínú àbídí Yorùbá, láàárín g àti h, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní nọ́ńbà kankan: g ni, b ni. Àmì ohùn òkè kì í ṣe lẹ́tà, ó sì ní nọ́ńbà, U+0301. Ẹ́ tí a ń kọ lójoojúmọ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ kékeré, U+1EB9, ni a máa ń tẹ̀ kí a tó gbé àmì lé e lórí. Bí "lẹ́tà" bá jẹ́ orúkọ ohun tí Unicode ń kà, a jẹ́ pé gb kì í ṣe lẹ́tà mọ́ nìyẹn. Mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àbá tèmi ni "ẹyọ àmì" fún ohun tí wọ́n ń kà, "nọ́ńbà ìdámọ̀" fún nọ́ńbà rẹ̀, àti "ìrísí" fún bó ṣe ń yọ lójú ìwé, torí lẹ́tà Mandaic máa ń so mọ́ra wọn, ìrísí wọn á sì máa yí padà láìjẹ́ pé nọ́ńbà wọn yí. Ìsọ̀rí Mandaic á wá jẹ́ ẹyọ àmì 29: lẹ́tà 25 (23 inú abagada láìka halqa lẹ́ẹ̀mejì, kad, àti ain), àmì mẹ́ta tó ń lọ lára lẹ́tà, àti àmì ìdánudúró kan. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ẹyọ àmì" lọ, ẹ bá mi fi kad àti gb dán an wò.