Dọ́sìbíìnì wo ni oòrùn ò ní tètè bà jẹ́?

Lánlọ́ọ̀dù_Ìgbógbò: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, dọ́sìbíìnì wo lèèyàn lè rà tó máa gbé ìta pẹ́? Ìgbógbò níbí la wà, n'Ikorodu, iwájú géètì là ń gbé tiwa sí kí àwọn PSP tó ń kó pààntí lè rí i kó, kò sí igi kankan níbẹ̀, oòrùn tààrà látàárọ̀ dalẹ́. Aláwọ̀ pupa kan la rà ní Sábó, ó rẹwà lójú o, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ṣá, téèyàn bá fọwọ́ rá a bí ẹfun ló ń bọ́ síni lọ́wọ́, ọmọ kan kàn fìdí lé e báyìí ni, ó fọ́ yángá. Ilé mẹ́rin la wà nínú ọgbà, pààntí wa pọ̀.

Ajórin_Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú ara yín, dírọ́ọ̀mù ni. Èyí tí wọ́n fi ń kó ọ́ìlì, 200 lítà, kí ajórin bá yín gé orí ẹ̀, kó jó ọwọ́ méjì mọ́ ọn, kó lu ihò sídìí ẹ̀ kómi òjò má dúró, ẹ wá kùn ún lọ́dà. Kó fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó gbé iná sún mọ́ ọn o, ọ́ìlì tó kù nínú ẹ̀ lè bú gbàmù. Kí ni oòrùn fẹ́ fi irin ṣe? Omi lọ̀tá ẹ̀. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù.

Ìyálọ́jà_Àjàrà: Ọ̀gá ajórin, ọjà yín lẹ̀ ń polówó 😂 Ẹ gbé irin yẹn wá sí Badagry níbí ká wò ó. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wá yìí, iyọ̀ ló kún inú ẹ̀, ìdí ló kọ́kọ́ ń jẹ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e, ìdí á jókòó sílẹ̀. Ó tún wúwo, àwọn tó ń kó pààntí á kàn fojú fò ó ni. Dírọ́ọ̀mù ike búlúù lèmi ń lò. Ẹ sáà bèèrè ohun tí wọ́n fi kó wá, kẹ́míkà ò kí ń ṣeré.

Oníke_Agric: Ẹ jẹ́ n dá sí i, ike ni mò ń tà. Ẹ dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta kan nídìí ẹ̀ tó ní nọ́ńbà nínú, 2 lẹ máa wá, irú ike tí wọ́n ń pè ní HDPE nìyẹn. 5 ni PP, irú ike mìíràn, tí wọn ò bá po oògùn oòrùn mọ́ ìyẹn dáadáa kì í pẹ́ níta. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí wọ́n ń pè ní UV, òun ló ń gé ike sí wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí i, ẹfun tó bọ́ sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ yẹn, ike tó ti kú ni. Dúdú ló ń pẹ́ jù torí carbon black tí wọ́n fi sọ ọ́ di dúdú máa ń gba UV yẹn mọ́ra kó tó wọnú. Tánkì omi dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rí lókè ilé káàkiri yìí, ṣé oòrùn ò pa á ni? Ṣùgbọ́n dúdú ayédèrú náà wà o, ike fífọ́ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n tún yọ́, wọ́n wá fi dúdú bo àṣírí ẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò, tó bá dún kẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó dáa á tẹ̀, á padà.

Lánlọ́ọ̀dù_Ìgbógbò: Ẹ ṣé gan-an. Dúdú yẹn ò ní gbóná jù tí òórùn á fi gba àdúgbò?

Oníke_Agric: Á gbóná o, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Ẹ máa di àjẹkù oúnjẹ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí fẹ́ǹsì á fi wà lápá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ òjìji á bò ó. Fún ilé mẹ́rin, 240 lítà onítáyà, tẹ́ ẹ bá rí EN 840 lára ẹ̀, ìlànà Yúróòpù fún dọ́sìbíìnì onítáyà nìyẹn. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ pa á dé dáadáa níwájú ẹni tó ń tà á, ibi tó ti so mọ́ra ló kọ́kọ́ ń já.

Ìyálọ́jà_Àjàrà: Kẹ́ ẹ ra ṣéènì mọ́ ọn o. Onítáyà ò ṣòro fún gbẹ́wiri láti tì lọ.