Afinádẹja, kì í ṣe "ẹja Èṣù"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan dábàá "ẹja Èṣù" fún anglerfish, ẹja inú ibú tó ní iná lórí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ń pe díẹ̀ nínú wọn ní èṣù òkun. N kò lè fara mọ́ ọn. Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe Sàtánì. Ìtumọ̀ Bíbélì ló so wọ́n pọ̀, a ò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀ dòní. Ẹ má jẹ́ ká tún gbé e wọ inú òkun.

Ìṣe ẹja yìí ni ká wò. Ó lé ní 300 mítà sísàlẹ̀ òkun, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, abo rẹ̀ gbé ọ̀pá kan síwájú orí. Bakitéríà tó ń gbé ní ṣóńṣó ọ̀pá náà ló ń tan iná. Ẹja kékeré á rí iná, á sún mọ́ ọn, ẹnu gbàǹgbà á sì gbé e mì.

"Ẹja onídẹ" tí ẹlòmíràn mú jáde láti inú ìdẹ dára lójú ìwé, àmọ́ ẹ pè é síta. Bí "oní" bá pàdé "ìlù", ohùn ìsàlẹ̀ a pòórá, a di onílù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oní àti ìdẹ ṣe di onídẹ. Oní àti idẹ, onídẹ náà ni. Ta ni kò ní rò pé ẹja tí a fi idẹ rọ là ń sọ? Ìdí nìyí tí mo fi dúró ti afinádẹja: a-fi-iná-dẹ-ẹja. Ìhun rẹ̀ ò ṣàjèjì, ó jọ ti amúnáwá. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ní ọ̀pá láìní iná, ká pè wọ́n ní adẹja.

Akọ ló le láti sọ lórúkọ. Ní 1922, Bjarni Sæmundsson, onímọ̀ nípa ẹja, ọmọ Iceland, rí abo kan tí ẹja wẹ́wẹ́ méjì lẹ̀ mọ́ lára. Ó rò pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Ní 1925 ni Charles Tate Regan, onímọ̀ nípa ẹja ní London, yẹ irú ẹja wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, ó sì rí i pé akọ ni! Akọ yìí a gé abo jẹ, ẹran ara wọn a jọ lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ abo a sì máa bọ́ ọ.

"Akọ àfòmọ́" ni mo mú wá fún un. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ẹnìkan ní gírámà ti gba ọ̀rọ̀ náà, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ (prefix) àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orí igi ni gírámà ti yá a. Ẹja náà lè yá a. Àtakò tó wọ̀ mí létí jù ni pé àfòmọ́ kì í fún igi ní nǹkan kan, akọ yìí sì ń fún abo ní àtọ̀ nígbà tí ẹyin bá ṣe tán. Mo gbà. Síbẹ̀, lílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ abo ni orúkọ ń sọ, kì í ṣe èrè. "Ọkọ àfòmọ́" ni n kò gbà: akọ àti abo là ń lò fún ẹranko. Nínú àwọn ìdílé kan ṣá, akọ a gé abo jẹ fúngbà díẹ̀, a sì tún fi í sílẹ̀. Ìyẹn, akọ lásán ni kó máa jẹ́.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ tó wà láàárín wa, ẹ bá mi yẹ "dẹ" yìí wò: bí ẹ bá fi nǹkan sẹ́nu ìwọ̀ létí òkun, ṣé ẹja lẹ ń dẹ, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un?